Káréǹtì Lórí Fólítì

Òórùn ẹja ni mo kọ́kọ́ pàdé kí n tó rí ọmọ mi. Mo gbé àpò gàrí lọ́wọ́ kan, mo fi ọwọ́ kejì ti ilẹ̀kùn irin ilé tó ń gbé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, òórùn náà sì gbá mi nímú. Kì í ṣe òórùn ẹja tútù o. Ẹja tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀rá lábẹ́ oòrùn ni. Itọ́ kún mi lẹ́nu, mo sì tu ú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láìwo ọ̀tún wo òsì.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Oyèrónkẹ́ ni orúkọ mi. Ó di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ọ̀yọ́, Màmá Físíìsì sì ni wọ́n ń pè mí. Inú mi kì í pẹ́ rú. Bí bébà kan bá wà nílẹ̀ kíláàsì mi, n kì í la ẹnu títí wọn yóò fi ṣa á. Ìdọ̀tí ń rí mi lára, irọ́ ń rí mi lára, iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ló sì ń rí mi lára jù. Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gbà mí gbọ́.

Moyinolúwa, ọmọ mi kan ṣoṣo, jáde láti yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mummy. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Ó fi ẹnu júwe yàrá ẹ̀gbẹ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Raliat ni. Ìyá ẹ̀ ń ta ẹja lọ́jà Tákíè. Ó ṣáà ń kó o wọlé. A ti bá a jà títí, ó ní òun kọ́. A ti kó ìkòkò ẹ̀ síta, a ò sì kí i mọ́."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Raliat fúnra rẹ̀ fi jáde pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìgò ísáàlì tí wọ́n fi ń fọ ilé. Ojú ọmọ náà ti pọ́n. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé wá wo yàrá mi. Mi ò jẹ ẹja láti ọ̀sẹ̀ méjì."

Mo wọlé. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo tilẹ̀ fi imú kan ilẹ̀. Ísáàlì nìkan ló ń rùn níbẹ̀, ó fọ́ mi lójú. Àwọn ọmọbìnrin márùn-ún, yàrá márùn-ún, mẹ́rin nínú wọn ti parapọ̀ sọ ẹ̀karùn-ún di ẹni ìtanù, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ sì wà nínú wọn. Ó rí mi lára. Mo wo Moyin láti òkè dé ilẹ̀, ó sì gbójú sílẹ̀.

"Ìgbà wo ló máa ń rùn jù?" ni mo bi Raliat.

"Ìrọ̀lẹ́, mà. Tí gbogbo wa bá ń dáná."

Mo yí padà wo yàrá ọmọ mi. Sítóòfù oníná rẹ̀ wà nílẹ̀, ìrẹsì ń hó lórí rẹ̀. Gílóòbù òkè ń tàn pupa, bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù.

"Ṣé bí iná yín ṣe máa ń rí nìyí?"

"Tá a bá tan sítóòfù ni, Mummy. Káréǹtì ló kéré."

Káréǹtì kéré! Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni. Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́. Bí iná bá ti ń ṣẹ́jú bàìbàì, káréǹtì kéré. Bí fáànù bá ń yí jẹ́jẹ́, káréǹtì kéré. Fólítì ni wọ́n ń wí! Fólítì ni ọwọ́ tó ń ti ẹrù. Káréǹtì ni ẹrù tó ń kọjá. Ìdènà sì ni bí ọ̀nà ṣe rí, bóyá ó fẹ̀ tàbí ó há. Fi káréǹtì pín fólítì, wàá rí ìdènà. Sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, wàá rí agbára, ìyẹn ooru tí iná ń dà sílẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi tí kò bá mọ èyí kò ní jókòó títí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti là. Ẹja kọ́ ló ń rùn. Ike tí wọ́n fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ojú ìsopọ̀ wáyà, tó bá ń yan díẹ̀díẹ̀, òórùn ẹja ló máa ń mú jáde. Oníná tó bá ní imú mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mítà tí mo fi ń wọn iná wà nínú báàgì mi, nítorí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà kí n tó wọkọ̀. Mo jáde lọ síbi tí iná ti ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìta, mo wọn fólítì rẹ̀: 220. Mo fi ẹnu mítà náà, tó ń gbá wáyà mú bí alákàn, gbá èyí tó ń lọ sí ilé àwọn ọmọ lẹ́yìnkùlé mú: káréǹtì 8. Mo padà wọ yàrá Moyin, mo wọn fólítì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀: 172. Fólítì méjìdínláàádọ́ta ti sọnù lójú ọ̀nà.

Mo ṣe é sí ẹ̀yìn ìwé ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. 48, kí á fi 8 pín in: òòmù 6 ni ìdènà. Wáyà tó bójú mu kò gbọdọ̀ ní tó ọ̀kan. 48 lọ́nà 8: 384. Wáàtì irínwó ó dín mẹ́rìndínlógún ń jó nínú àjà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé ìkòkò kà. Bẹ́ẹ̀ sítóòfù ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o. Bí méjì bá tàn pọ̀, káréǹtì á fò dé 13, ooru inú àjà á sì kọjá ẹgbẹ̀rún wáàtì. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni, tí ẹnì kan dojú rẹ̀ dé pákó, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo fi imú tọ òórùn náà. Òkè ilẹ̀kùn irin tí mo gbà wọlé ló ti wá, pákó àjà ibẹ̀ sì ti dúdú. Ilẹ̀kùn yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn. Irin adènà-olè ló wà lójú gbogbo fèrèsé. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni; tó bá di mẹ́fà, àwọn ọmọ márààrún á tan sítóòfù. Bí àjà yẹn bá gbiná, ibi tí iná wà ni wọ́n máa sá gbà.

Mo sáré padà síbi mítà ilé láti lọ pa á. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ẹnì kan fi máákà kọ sára ògiri, tí n kò kíyè sí níṣàájú: R = I/V. 8 ÷ 48 = 0.17. Ìdènà kéré. Wáyà dára. OK.

Ó ti ṣe é sódì! R ni ìdènà, I ni káréǹtì, V ni fólítì. Ẹni tó kọ ọ́ ti wọn nǹkan tí mo wọn, ó rí nọ́ńbà tí mo rí, ó wá dorí ìṣirò kodò. Nǹkan kan ta mí nínú nígbà tí mo rí I lórí V yẹn, ṣùgbọ́n ìbínú kò jẹ́ kí n dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ wí.

"Olùkọ́ wo ló kọ́ni báyìí?" Mo pariwo débi pé Moyin àti Raliat sáré jáde. "Màlúù wo ló dúró níwájú kíláàsì tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ báyìí? Ó yẹ kí wọ́n gba ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ ẹ̀ kí wọ́n fún un ní koríko!"

Ariwo mi ló gbé Bàbá Timothy jáde láti ilé iwájú. Òun ló ni ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó sì ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń bọ̀. Díẹ̀ nínú èèpo náà lẹ̀ mọ́ ọn nírùngbọ̀n. Mo gbójú kúrò.

"Ẹ káàbọ̀ o, ìyá Moyin. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ilé yín fẹ́ jóná."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé tèmi? Àwọn ọmọ yìí ti ń dà mí láàmú láti oṣù tó kọjá pé káréǹtì kéré. Káréǹtì tó kéré, báwo ló ṣe fẹ́ jólé? Ṣé omi tí ò tó ẹsẹ̀ fọ̀ ló máa gbé èèyàn lọ?"

"Káréǹtì ò kéré, Bàbá. Fólítì ló kéré. Wáyà tí wọ́n fà lọ sẹ́yìn ló ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ohun tó bá sì jẹ, ooru ló fi ń ṣe. Ẹ wá gbóòórùn àjà."

"Raliat ló ń kó ẹja wálé." Ó tu èèpo. "Ìyá Moyin, ẹnjiníà mi kì í ṣe oníwáyà ẹ̀bá ọ̀nà. Ọmọ tó yege físíìsì ni. Ó kalikulétì ẹ̀ síbẹ̀ yẹn, ó ní wáyà dára, pé láti ọ̀dọ̀ táńsífọ́mà ni ìṣòro ti wá. Ẹ̀yin náà ẹ kà á."

Mo na ọwọ́, mo pa súìṣì ńlá ilé náà, mo wá fi ẹ̀yìn tì í. Gbogbo ilé ké pé wọ́n ti mú iná lọ.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá. Ẹ pe ẹnjiníà yín. N kò kúrò níbí títí yóò fi dé."

Ó pè é. Ó ní obìnrin kan ti gba mítà òun. Mo dúró síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, eṣinṣin ń bà mí lójú, mo sì ń kó gbogbo èébú tí mo máa bú ẹnjiníà náà jọ. Èébú tó dáa ni mo kó jọ, n kò ní purọ́.

Ọ̀kadà wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó ṣí akoto lórí, ó wò mí. Ojú rẹ̀ tàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku.

"Màmá Físíìsì! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Àkóredé ni, mà. Èmi ni mo máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Gbogbo èébú tí mo kó jọ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ní àwọn ọmọ tiwa kò gbọdọ̀ ṣe ìkẹyìn nínú ìdánwò àṣejáde mọ́. Wọ́n mú alábòójútó lọ sí yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n gbé ìrẹsì àti ìgò mọ́ọ̀tì síwájú rẹ̀, kò sì padà wá. Èmi ni wọ́n ní kí n wọ gbọ̀ngàn. Mo mọ̀ pé ìdọ̀tí ni, síbẹ̀ mo wọlé, mo sì ń pe ìdáhùn fún wọn kíákíá, ojú mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo dé orí ìdènà, mo ní, "Káréǹtì lórí fólítì." Gbogbo bírò inú gbọ̀ngàn kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí mo délé tí mo ń tú gèlè ni mo rí i pé mo ti pè é sódì.

Mo lè sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró ní kíláàsì tún ìdáhùn tí kò yẹ kí n pè ṣe? Mo pa ẹnu mọ́. Àwọn ọmọ yege nínú èyí tó kù, ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, mo sì kúnlẹ̀ gbà á bí ẹni tó ṣe ohun rere. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Tèmi yàtọ̀. Èmi tí mo ṣu kò gbàgbé lọ́jọ́ kan, Àkóredé tó ń kó o káàkiri kò sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dìde," mo sọ fún un. "Ṣàlàyé ohun tó o kọ sógiri."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní àwọn oníná yòókù kì í wọn nǹkan kan, wọ́n á kàn so wáyà, wọ́n á lọ. Òun ní tòun, gbogbo iṣẹ́ òun lòun ń wọ̀n, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe kọ́ àwọn. Nígbà tí wọ́n wá fi ẹjọ́ sùn pé káréǹtì kéré, òun wọ̀n ọ́n: fólítì 48 ló ń sọnù, káréǹtì jẹ́ 8. Òun wá ìdènà, kò tó ìdámárùn-ún òòmù. Bàbá Timothy ń mi orí bí ẹni tó wà nílé ìwàásù.

"Fi ìdènà yẹn ṣe ìlọ́po káréǹtì," mo ní.

Ó fi máákà ṣe é sábẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀. 0.17 lọ́nà 8. Ó rí 1.36. Ó wò ó.

"Kí ló yẹ kó jẹ́?"

"Ó yẹ kó jẹ́ 48, mà." Ọmọ náà gbọ́n, ó gbọ́n látilẹ̀wá. Ó yí i padà fúnra rẹ̀, 48 lórí 8, ó rí 6, ó sọ 6 di ìlọ́po 8, 48 sì jáde. Ó gbé ojú sókè wo àjà òkè ilẹ̀kùn, ó fa imú, mo sì rí i nígbà tó yé e.

"Kí ló dé?" ni Bàbá Timothy bi í.

"Mo yí i sódì, sà. Wáyà yẹn ń jó."

Bàbá Timothy da ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ìwọ! O fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ sí mi lọ́rùn? Ẹnjiníà burúkú! Olùkọ́ wo ló kọ́ ọ?"

Moyin, tí kò tíì so ọ̀rọ̀ náà pọ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Mummy ti sọ fún wa, Bàbá. Màlúù ni."

Àkóredé wò mí. Ó wá wo ilẹ̀. "Olùkọ́ mi ò jẹ̀bi, sà. Èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa."

Ọlọ́run ló mọ iye ìgbà tí nǹkan ti rí mi lára láyé yìí. Kò sí èyí tó dà bí i ti ìṣẹ́jú yẹn. Ọmọ tí mo bàjẹ́ ń fi ara rẹ̀ bo ìdọ̀tí mi mọ́lẹ̀, nítorí àgbà ni mí, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé pé kí á má ṣe dójú ti àgbà. Mo sì lè dákẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ọ. Ara mi kó mi nírìíra.

"Ó gbọ́ dáadáa," mo ní. "Ohun tí mo pè ló kọ. Èmi ni màlúù náà. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo ti ń pe ìdáhùn fún wọn, mo pè é sódì, mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, n kò sì sọ."

Moyin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Mummy, ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi pàṣán nà mí torí pé mo wo ìwé ọ̀rẹ́ mi?"

"Èmi ni. Kúnlẹ̀ bẹ Raliat. Èmi náà ń bẹ̀ ẹ́, Raliat."

Ọmọ náà sunkún, Moyin sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Bàbá Timothy bá àga rẹ̀ lọ, ó jókòó.

Àkóredé gun òkè. Ó já pákó àjà, ó gé ojú ìsopọ̀ náà, ó jù ú sílẹ̀ sí mi. Wáyà tín-ín-rín bí okùn ìlẹ̀kẹ̀, ike rẹ̀ ti yọ́ dúdú, eérú pákó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo mú un lọ́wọ́, ó ṣì gbóná. Ó rùn bí ẹja dé ọkàn mi. N kò tutọ́.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń fi ìka kà.

"Ilé mọ́kànlélógún ni mo ti wáyà, mà. Gbogbo ẹ̀ ni mo wọ̀n. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ OK sí."

"Èwo lo kọ́kọ́ ṣe?"

"Ti ìyá mi ni, ní Irẹsà." Ó fa fóònù yọ. "Mà, wọ́n pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní nǹkan ń rùn bí ẹja ní yàrá àwọn. Mo ní kí wọ́n ra oògùn eku."

"Pè wọ́n. Báyìí."

Ó fi fóònù sí gbangba. Ìyá náà gbé e kíákíá, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, a sì ń gbọ́ ìkòkò tó ń hó lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa súìṣì ńlá yẹn. Ẹ jáde nínú ilé."

"Nítorí kí ni? Mò ń se ẹ̀wà. Ṣé torí iná yìí? Má dààmú, ọmọ mi, káréǹtì ló kéré, kò lè ṣe nǹkan kan. Ìwọ náà lo kalikulétì ẹ̀." Ó gbàdúrà fún un, ó sì pa fóònù. Nígbà tí Àkóredé tún pè é, ìyá náà kò gbé e mọ́.

Àkóredé ti wà lórí ọ̀kadà. Mo so ìró mi le, mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mítà mọ́ mi láyà. Ó ń sáré, atẹ́gùn ń gba ẹnu mi, mo sì ń pariwo sí i létí bí ẹni tó wà ní kíláàsì: fólítì lórí káréǹtì, Àkóredé, fólítì lórí káréǹtì. Ó ń dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òórùn ẹja náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.